Ọmọ Tí Ìyá Rẹ̀ Kì Í Pè

Ohun tó kọ́kọ́ bí mi nínú nípa obìnrin tí a jọ ń gbé àgbàlá kan náà ní Bolori, ní ìlú Maiduguri, ni pé kì í pe ọmọbìnrin ilé wọn lórúkọ. Bó bá nílò rẹ̀, "Ke!" ló máa ń wí, èyí tí àwọn Hausa fi ń sọ fún obìnrin pé "Ìwọ!" Ke, gbé kẹ́tùlù wá. Ke, lọ wò ó bóyá omi ti ń yọ. Nígbà mìíràn kò tilẹ̀ ní wí "Ke" rárá. Yóò kàn nawọ́ sí nǹkan tó fẹ́, yóò sì yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kejì bí ẹni tí kò fẹ́ rí ọmọ náà sójú. Ọmọ ọdún méje ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ mọ́, orí rẹ̀ sì pé. Tíṣà ni mí. Mo ti fi ọdún mẹ́rìndínlógún pe orúkọ ọmọ nínú rẹ́jísítà láràárọ̀, mo sì mọ bí ojú ọmọ ṣe ń rí tí wọ́n bá pè é lórúkọ àti bó ṣe ń rí tí wọn ò bá pè é. Lójú tèmi, ìwà ìkà ni.

N kì í ṣe ará Maiduguri. Ìjọba àpapọ̀ ló gbé mi wá síbẹ̀ láti Ìbàdàn. Wọ́n ní ọdún méjì péré ni, ó ti di ọdún kẹta báyìí, kò sì sí ẹni tó ń dá lẹ́tà mi lóhùn. Iyàrá kan àti pálọ̀ kékeré ni mo háyà, nínú àgbàlá oníbúlọ́ọ̀kù tí onílé kò tíì rẹ́ lára, tí kò sì jọ pé yóò rẹ́ ẹ láéláé. Ọkọ mi wà ní Ìbàdàn nídìí iṣẹ́ tirẹ̀. Ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo, ọmọ ọdún mẹ́jọ, wà lọ́dọ̀ ìyá mi. Nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kì í dúró, ìdí ògiri àgbàlá ni mo ti ń pè é ní ìrọ̀lẹ́, lórí búlọ́ọ̀kù mẹ́ta tí mo tò léra wọn. Mo máa ń pariwo. Mo máa ń pe orúkọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo máa ń kì í títí yóò fi ní kí n jọ̀ọ́, òun fẹ́ lọ jẹun. Màmá ló ń pe ìyá mi. Èmi, "Mọ́mì Maiduguri" ló ń pè mí. Mo sọ ọ́ fún àwọn ará àgbàlá, wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín, èmi náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bí mo bá sọ̀ kalẹ̀ lórí búlọ́ọ̀kù, mo máa ń da àwo bo oúnjẹ alẹ́ mi, n óò lọ sùn.

Obìnrin tí mò ń sọ yìí, ọmọ Kanuri ni, kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ. Òun àti ìyá ọkọ rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Hajja, ló ń gbé yàrá tó dojú kọ tèmi, pẹ̀lú ìkókó kan àti ọmọbìnrin yẹn. Ọkọ rẹ̀ ń ra ẹja gbígbẹ ní Baga, lẹ́bàá adágún Chad. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni a ń rí i. Bó bá dé, yóò kí wa, yóò sùn, yóò tún lọ. Ogun ló lé wọn kúrò ní abúlé wọn. Hajja sọ fún mi lọ́jọ́ kan, bí ẹni tó ń sọ iye tí wọ́n ń ta ẹ̀wà lọ́jà, pé àkọ́bí òun ọkùnrin kò kúrò lóko lọ́jọ́ tí wọ́n sá. Mo kí i kú ìfaradà. Mo fi ọ̀rọ̀ náà sínú, n kò sì mọ̀ pé mo máa lò ó ní ìlòkulò.

Bí kì í bá ṣe ti ìkókó yẹn ni, bóyá ǹ bá ti rò pé obìnrin náà kò kàn lẹ́nu ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wá wò ó pẹ̀lú ìkókó! Yóò gbé e sókè, yóò gbé e jó, yóò fi imú rìn ín níkùn, yóò máa pè é ní oríṣiríṣi orúkọ ní èdè Kanuri. Ọmọbìnrin yẹn yóò jókòó sórí ẹní, yóò máa wò wọ́n. Bí ojú obìnrin náà bá ṣèèṣì pàdé tirẹ̀, kíá ni yóò gbójú kúrò. Mo máa ń rí wọn láti ẹnu ọ̀nà mi, níbi tí mo ti ń ṣa ìrẹsì.

Ti ẹja tún wà níbẹ̀. Bí ọkọ bá dé láti Baga, obìnrin náà yóò se ọbẹ̀, yóò sì bu àárín ẹja, ibi tó lẹ́ran jù, sínú àwo ìyá ọkọ rẹ̀. "Hajja, tiyín nìyí." Orí ẹja ni yóò bù fún ara rẹ̀. Kò ní bu nǹkan kan fún ọmọbìnrin yẹn lójú wa. Bẹ́ẹ̀ Hajja kò ní ju eyín mélòó kan lọ lẹ́nu. Mo máa ń wò ó bó ṣe ń fi ìka já ẹja náà sí wẹ́wẹ́, tí yóò fi ọmọ náà sáàárín orúnkún méjèèjì, tí yóò máa fi í sí i lẹ́nu. Mo ní, ẹ wò ó, bí kì í bá ṣe ti màmá àgbà yìí, ebi ni ìbá pa ọmọ ọlọ́mọ kú.

Mo béèrè o. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé n kò béèrè. Hausa tí mo gbọ́ kò ju ti ọjà àti ti kẹ̀kẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ó tó béèrè ìyẹn. Mo bi obìnrin náà pé, "'Yar wa ce?" Ọmọ ta ni? Ó fa ìborùn bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín, ó wo ilẹ̀, ó ní, "'Yar Hajja ce." Ọmọ Hajja ni. Mo lọ bá Hajja, mo ní ìyá ọmọ yìí dà? Hajja fọwọ́ lu àyà, ó ní, "Ni ce." Èmi ni. Arúgbó tó ti lé ní àádọ́rin ọdún! Ọmọ náà fúnra rẹ̀, Mama ló ń pe Hajja, Anti ló ń pe obìnrin yẹn. Kí ló tún kù? Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, ibì kan náà ló ń já sí: ọmọ tí àkọ́bí Hajja fi sílẹ̀ ni, ìyá rẹ̀ ti bá ọkọ kú, ìyàwó àbúrò bàbá rẹ̀ sì ń fi ojú ọmọ òrukàn gbolẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, mo sọ ọ́ fún àwọn ará wa, àwọn tíṣà àti òṣìṣẹ́ báńkì tí wọ́n gbé wá láti ilé bíi tèmi. Gbogbo wa fohùn ṣọ̀kan. Ọ̀kan ní bí ìyàwó ilé ṣe rí nìyẹn, kò sí ìlú tí wọn ò sí. Ọ̀kan ní kí n ra sálúbàtà fún ọmọ náà, Ọlọ́run yóò san án fún mi. A bínú dáadáa lábẹ́ igi dógóyárò, a mu mínírà, a túká. Nígbà tí mo bá rántí rẹ̀ báyìí, ó ń ṣe mí bíi kí n gbá ara mi létí. Ọdún mẹ́ta nínú ìlú onílùú, Yorùbá nìkan ni mo lọ bi ní ọ̀rọ̀ Kanuri.

Lẹ́yìn náà ni ti ẹsẹ̀. Ọ̀sán kan ní oṣù kẹrin, nígbà tí oòrùn ibẹ̀ ń se ènìyàn bí ẹyin, ọmọ náà tẹ etí páànù kan tó já bọ́ lára ilé ìwẹ̀. Ó gún un wọ àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ bo ilẹ̀, ọmọ kígbe. Obìnrin náà wà níbẹ̀, kò jìnnà sí i ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ, ó ń fọ aṣọ. Ó dìde. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ọṣẹ ń kán lára wọn. Hajja jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ sì wà lára obìnrin náà. Obìnrin náà wo Hajja, ó wo ọmọ náà, ó yí padà, ó wọ inú yàrá lọ, ó ti ilẹ̀kùn. Ó ti ilẹ̀kùn! Hajja ló wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń dùn ún bọ̀. Èmi ni mo gbé ọmọ, èmi ni mo fọ ojú ọgbẹ́ tí mo fi aṣọ dì í. Nígbà tí mo ṣe tán, mo lọ dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn títì yẹn, mo sì sọ ohun tó wà nínú mi. Hausa mi kò tó, mo fi Yorùbá kún un. Mo ní ṣé òkúta ni wọ́n fi mọ ọkàn rẹ̀ ni? Mo ní Ọlọ́run tó mú ìyá ọmọ yìí lọ ń wò ó. Hajja ń wí fún mi pé, "Haba, Malama! Haba!" bí ẹni tó ń bẹ ọmọdé pé ó tó gẹ́ẹ́. Malama ni wọ́n ń pe tíṣà obìnrin níbẹ̀. Mo tún gbé ohùn sókè. Kò sí ìró kankan láti inú yàrá náà.

Láti ọjọ́ náà, mo sọ ara mi di ìyá. Mo ra sálúbàtà. Mo ń fún un ní búrẹ́dì àti ẹyin láàárọ̀ kí n tó wọ kẹ̀kẹ́, mo sì ń kọ́ ọ ní A, B, D ní ìrọ̀lẹ́, nítorí ilé-kéwú nìkan ló ń lọ, níbi tí wọ́n ti ń kọ nǹkan sórí wàláà. Àwọn àgbà wa ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ìdí ọmọ tèmi wà ní Ìbàdàn, ọwọ́ mi kò tó o, mo sì ti gbé ìlẹ̀kẹ̀ dání fún ọdún mẹ́ta. Mo máa ń pe ọmọ náà lórúkọ, sókè, kí obìnrin yẹn lè gbọ́ kí ojú sì tì í. Bí mo bá pè é, obìnrin náà yóò dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró, yóò dúró jẹ́ẹ́ títí n óò fi dákẹ́. Mo rò pé ó ń dùn ún ni. Ó dùn mọ́ mi.

Lójoojúmọ́ tí ọmọ bá ń bọ̀ wá kàwé lọ́dọ̀ mi, irun rẹ̀ yóò ti wà ní dídì, èékánná rẹ̀ yóò ti wà ní gígé, wọ́n á ti fi òróró pa ẹsẹ̀ rẹ̀ yí ojú ọgbẹ́ ká. N kò bi ara mi pé ta ló ṣe é. Ṣé Hajja tí ìka rẹ̀ ti ká kò, tí kò lè mú abẹ́rẹ́?

Ilé-ìwé tí mo ti ń kọ́ni wà ní Old GRA, ní ọ̀kan nínú àwọn òpópónà tí igi bò lórí. Ọdọọdún ni wọ́n ń fi àyè mélòó kan sílẹ̀ níbẹ̀ fún ọmọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ ti kú. Ọ̀fẹ́ ni, ìwé àti aṣọ pẹ̀lú. Mo gba fọ́ọ̀mù. Mo sọ fún Hajja pé ilé-ìwé ọ̀fẹ́ ni, ó ṣàdúrà fún mi títí, ó tẹ àtàǹpàkò. N kò ka ohun tó wà nínú rẹ̀ fún un. Òyìnbó ni, mo ní yóò kàn fi àkókò ṣòfò. Níbi tí wọ́n ti béèrè bàbá, mo kọ olóògbé. Níbi tí wọ́n ti béèrè ìyá, mo kọ olóògbé. Bíró mi pa ènìyàn méjì láàárín ìṣẹ́jú kan, mo sì jẹun, mo sùn lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ tí wọ́n máa yẹ ìwé wò, ibà dá Hajja dùbúlẹ̀. Obìnrin yẹn ló mú ọmọ wá. Nígbà tí mo rí i ní ọ́fíìsì, mo rojú. Ọ̀gá wa, obìnrin ará Èkìtì kan tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìntì, jẹ́ ẹni tó gba ìwé àti èdìdì gbọ́ ju bó ṣe gba ènìyàn gbọ́ lọ. Ó ní kí wọ́n mú ohun tó fi ọjọ́ ìbí ọmọ hàn wá. Mo túmọ̀ rẹ̀. Obìnrin náà kẹ̀yìn sí wa, ó tú etí ìró rẹ̀, ó mú ọ̀rá kan jáde. Ọ̀rá mìíràn wà nínú ọ̀rá náà, nínú ìyẹn ni káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára wà, ó mọ́ bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́.

"Níbo lo ti rí i?" mo bi í.

Ó ní òun ló gbé e jáde ní abúlé lọ́jọ́ tí wọ́n sá.

"Kí lo tún gbé?"

Ó ní ọmọ náà.

N kò tíì fi ara balẹ̀ gbọ́ ìyẹn tí ọ̀gá fi gbé ìwé pélébé kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ káàdì náà, èyí tí ẹ̀ṣọ́ géètì máa ń kọ orúkọ àlejò sí. Ó wo ọ̀kan, ó wo èkejì, ó wá wò mí láti òkè gíláàsì rẹ̀.

"Ìyá Ìbàdàn," ó ní, "orúkọ ìyá tó wà nínú káàdì yìí ni orúkọ obìnrin tó jókòó yìí. Fọ́ọ̀mù tí ẹ kọ fún mi sọ pé ìyá ọmọ ti kú. Ta ni mò ń wò yìí, iwin?"

Mo wo káàdì náà fúnra mi. Orúkọ rẹ̀ ni, orúkọ bàbá ọmọ sì ni ti oníṣòwò ẹja tó kí wa ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá tó sì tún lọ sí Baga.

Ọ̀gá kò dúró kí n rí ohun tí n óò sọ. Ó ní ọmọ tí òbí rẹ̀ wà láàyè kò lè gba àyè ọmọ òrukàn. Àyè kan ṣoṣo ló kù fún ọmọ àwọn tí ogun lé kúrò nílé, èyí sì ní òfin tirẹ̀: òbí gbọ́dọ̀ wá fúnra rẹ̀, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọmọ òun nìyí, orúkọ rẹ̀ nìyí. "Àwọn ènìyàn ń yá káàdì, wọ́n ń yá orúkọ. Wọ́n ti pa irọ́ kan fún mi lónìí, n kò ní gba ìkejì. Aago méjì ni mò ń pa rẹ́jísítà dé, ọmọ mìíràn ń dúró." Mo wo aago ara ògiri. Ó ku ogún ìṣẹ́jú.

Mo yíjú sí obìnrin náà. Mo ní, "Ṣé ọmọ rẹ ni?"

Ó fa ìborùn bo ẹnu, ó wo ògiri, ó rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn náà! Bí ẹ bá ti rí ẹ̀rín yẹn fún ọdún mẹ́ta gbáko, ẹ ó mọ ohun tó ṣe mí. "Ṣé ẹ̀rín ló kàn?" mo ní. "Èmi ni mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìyá ọmọ yìí ti kú! Torí o kì í pè é, o kì í wò ó, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lẹ́sẹ̀ rẹ̀ o ti ilẹ̀kùn. Bí o bá sọ pé ìwọ ni ìyá rẹ̀, tí o dárúkọ rẹ̀, wọ́n á gbà á. Bí o kò bá sọ ọ́, ilé ni ẹ ń padà sí."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ku bar shi haka." Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní bó bá jẹ́ òkú ìyá ni wọ́n fẹ́ rí kí ọmọ tó lè kàwé, kí ìyá rẹ̀ kú.

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún ọ̀gá. Ọ̀gá ní kò sí ohun tó jọ ọ́. Mo káwọ́ lérí. Mo ní, "Ó yá ọ lára láti kú ju kí o dárúkọ ọmọ rẹ lọ?"

"Haba, Malama," ó ní. "Kunya." Ìtìjú.

Ó wá sọ̀rọ̀ ju èyí tó bá mi sọ ní ọdún mẹ́ta lọ, ó ń sọ Hausa náà díẹ̀díẹ̀ kí n lè gbọ́. Ó ní nílé àwọn, ìyá ọkọ ló ni àkọ́bí. Ẹni tó bí i kì í dárúkọ rẹ̀, kì í gbé e jó lójú ènìyàn, kì í jẹ́ kí ìyá ọkọ rí omijé òun lórí rẹ̀. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní kò nítìjú, wọ́n á ní ó ń fi ọmọ yangàn nínú ilé tí wọ́n fẹ́ ẹ sí. Ó ní ọ̀pọ̀ ará ìgboro ti ń fi àṣà yìí sílẹ̀, ṣùgbọ́n Hajja kò fi í sílẹ̀, òun náà kò sì ní tàbùkù Hajja. Ó ní lọ́jọ́ tí ọmọ gún ẹsẹ̀, inú ìrọ̀rí ni òun kígbe sí. Òun gbọ́ gbogbo ohun tí mo sọ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Òun gbọ́ èyí tí mo fi Yorùbá sọ pẹ̀lú, ohùn mi nìkan ti tó túmọ̀ rẹ̀. Nígbà náà ló wá wo ojú mi.

"Ìwọ náà, ìyá rẹ ni ọmọ rẹ ń pè ní Màmá. A ń gbọ́ ọ lórí búlọ́ọ̀kù ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Ṣé a kọ ọ́ síbì kan pé o ti kú?"

Àárín ẹja ló wá sí mi lọ́kàn. Ìyá ọkọ tí eyín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lẹ́nu rẹ̀, obìnrin náà ń bu ibi tó lẹ́ran jù fún un, ó sì mọ ẹnu tí ẹja náà ń lọ. Irun dídì wá sí mi lọ́kàn, àti òróró ẹsẹ̀. Àìrìn jìnnà làìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, wọ́n ní. Èmi rìn jìnnà, mo rí i kòrókòró, mo ní eku ni. Inú bí mi sí ara mi, ó bí mi sí àwọn tí a jọ mu mínírà lábẹ́ dógóyárò, ó sì tún bí mi sí obìnrin náà. Kí ló dé tí kò sọ fún mi? Kí ló dé tí Hajja kò jókòó tì mí kí ó là mí yé? Wọ́n rò pé gbogbo ayé ló mọ̀ ni. Àbí mo ha jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀? Ariwo ni mo ń pa.

"Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́fà," ọ̀gá ní.

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ̀bi mi ni. Ẹ fún mi ní kúẹ̀rì, ẹ má fìyà ẹ̀ jẹ ọmọ. Àṣà wọn ni, ẹnu rẹ̀ kò gbọdọ̀ pè é."

"Kúẹ̀rì ń bọ̀ wá bá yín," ó ní, "ìyẹn kò yí òfin padà. N kò ní kó kọrin. Orúkọ ọmọ rẹ̀ péré ni kó fi lé mi lọ́wọ́."

Obìnrin náà gbìyànjú. Mo rí i. Ó la ẹnu, iṣan ọrùn rẹ̀ dìde, ó wo ọmọ tó dúró ti tábìlì pẹ̀lú sálúbàtà tí mo rà, ó sì tún pa ẹnu dé. Ní ìgbà kejì, èémí nìkan ló jáde. Ó ń ṣe mí bíi kí n dì í léjìká mú kí n mì í. Ó kù díẹ̀ kí n dárúkọ ọmọ náà fún un kí ó lè wí i tẹ̀ lé mi, nígbà tó nawọ́ mú bíró lórí tábìlì, bíró tèmi, tó sì fa fọ́ọ̀mù náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ láti ọ̀tún lọ sí òsì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ní lẹ́tà Lárúbáwá, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ lórí wàláà nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó kọ ìlà kan. Ó gbé bíró sílẹ̀, ó fa ìborùn bo gbogbo ojú.

"Kí ni èyí?" ọ̀gá béèrè.

N kò lè kà á. Òun náà kò lè kà á. Àwa méjèèjì tí a ní dìgírì, a jókòó ti ìlà kan ṣoṣo, a ń wo ara wa bíi púrúǹtù.

Ọmọ náà ló sún mọ́ tábìlì. Ó fi ìka sábẹ́ lẹ́tà àkọ́kọ́, bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé-kéwú. Ó pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó so wọ́n pọ̀, ó kà á jáde. Orúkọ ara rẹ̀ ni. Ó dúró. Ó tún wo ìlà náà, ó wo ọwọ́ tó kọ ọ́. Ó nàró, ó kọjú sí ìborùn yẹn, ó ní:

"Na'am."

Bí ọmọ ṣe ń jẹ́ ẹ níbẹ̀ nìyẹn nígbà tí àgbà bá pè é.

Ọ̀gá bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó ń nù ún, n kò sì rò pé ó dọ̀tí. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀ ní lẹ́tà tí èmi lè kà." Mo kọ ọ́. Mo fagi lé olóògbé méjèèjì, mo kọ ọ́ pé wọ́n wà láàyè. Ó ku ìṣẹ́jú kan kí aago méjì lù nígbà tó tẹ èdìdì.

Kúẹ̀rì mi dé lọ́jọ́ kejì, ojú-ìwé méjì ni mo fi dá a lóhùn. Kí ẹ má sì rò pé èmi àti obìnrin náà ti di kòríkòsùn. Ó ṣì ń bí mi nínú. Ó ń da omi ọṣẹ sẹ́nu ọ̀nà mi, ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tó yẹ kó fèsì, "Ke" ló sì ń pe ọmọ títí dòní. Ó sọ fún mi pé ariwo tí mò ń pa lórí búlọ́ọ̀kù máa ń ti òun lójú fún mi. Mo ní kó di etí.

Ṣùgbọ́n ibà yẹn mú ohùn Hajja lọ, kò lè kígbe dé ojú títì mọ́. Bí ọmọ bá wà níta tí ilẹ̀ sì fẹ́ ṣú, èmi ni obìnrin náà ń yọ lẹ́nu. Yóò wá dúró sẹ́nu ọ̀nà mi nígbà tí ọbẹ̀ mi bá wà lórí iná. "Malama, ọmọ Hajja ò tíì wọlé o." Kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò sì yí padà. Mo máa ń kùn. Mo máa ń sọ ọbẹ̀ kalẹ̀, n óò jáde sẹ́nu géètì, n óò pe orúkọ náà. Ẹ má bi mí ní orúkọ náà. Ìyá tó bí i kò fi ẹnu pè é, èmi kò ní kọ ọ́ síhìn-ín. Ẹ̀ẹ̀kan ti tó fún ọmọ náà láti gbọ́, etí rẹ̀ mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo máa ń pè é, sókè, n óò sì fa ìparí rẹ̀ gùn, nítorí mo mọ̀ pé ìyá rẹ̀ ti wọlé ní àkókò yẹn, ó ti dúró sẹ́yìn kọ́tìnì, ó ń gbọ́.